Àmánà ni Ológbò: Bí a ṣe lè mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá

  

Ológbò pọ̀ nínú ilé wa ní Ọ̀fà. Òun ni ó ń lé èkúté kúrò nídìí àpò gààrí àti ìrẹsì, òun náà ni kò jẹ́ kí eku gé ìwé kéwú wa jẹ. Àwọn àgbà ní bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá mú un, díẹ̀ nínú wa ni ó ń mọ̀. Ìdí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ní akọ ológbò kan ní ilé-kéwú wa. Ní ọjọ́ kan a rí i tí ó ń lọ sórí iyanrìn lẹ́yìn ilé, tí ó lóṣòó, tí ó ń rún ara, tí nǹkan kan kò sì jáde. Yóò kúrò, yóò tún padà. A ní ìgbẹ́ ni kò rí yà, a sì da epo pupa sí i lẹ́nu. Ní ọjọ́ kejì ó sá sẹ́yìn igi ìdáná, kò jẹun. A ní kí àwọn ọmọ fi í sílẹ̀ kí ó sinmi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, a bá òkú rẹ̀. Nígbà tí a ròyìn rẹ̀ fún dókítà ẹranko kan, ó ní bí a ti ṣe àlàyé rẹ̀ yẹn, ìtọ̀ ni ó dí mọ́ ọn nínú, àti pé bí a bá ti tètè gbé e wá, ó ṣeé ṣe kí ó yè. Ọmọ kan nínú kíláàsì bi wá pé: "Ààfáà, ṣé Ọlọ́hun máa bi wá nípa rẹ̀?" A kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN KỌ́ WA

Imáàmù Màlíkì, ẹni tí àwa ará ìhín ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀, mú un wá nínú ìwé Muwatta pé Kabshah ọmọ Ka'b ń bu omi àlùwàlá fún Abu Qatadah, bàbá ọkọ rẹ̀, nígbà tí ológbò kan dé láti mu nínú omi náà. Abu Qatadah tẹ ìkòkò náà fún un títí ó fi mu tán. Ó rí i pé ẹnu ń ya Kabshah, ó sì sọ fún un pé Ànábì ti là á yé wọn pé ológbò kì í ṣe ẹ̀gbin, ara àwọn tí ń rìn káàkiri láàrin wa nínú ilé ni.

Ẹ tún rántí obìnrin tí Bukhari àti Muslim ròyìn rẹ̀, tí ó wọ iná nítorí ológbò tí ó sé mọ́lé: kò bọ́ ọ, kò sì tú u sílẹ̀ kí ó lọ wá oúnjẹ. Àwa kò fi ebi pa tiwa. Ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kọ́ ni àmánà. Ẹran tí kò lẹ́nu láti sọ̀rọ̀, ojú ẹni tí ó gbà á sọ́dọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ A Ó MÁA WÒ

Ológbò a máa fi àìsàn pamọ́. Nínú igbó, ẹranko kékeré tí ó bá fi àárẹ̀ hàn, ẹranko ńlá ni yóò pa á jẹ; ìwà yìí kò tíì kúrò lára ológbò ilé. Kí a má retí pé yóò ké. Kí a mọ ìṣe rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ yá, kí a lè mọ ohun tí ó yí padà:

1. Oúnjẹ: Bí ó bá kọ oúnjẹ fún odidi ọjọ́ kan, kí a mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí àìjẹun bá pẹ́, pàápàá fún èyí tí ó sanra, ọ̀rá a máa bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì lè pa á. Ọmọ ológbò kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀.

2. Omi: Bí ológbò àgbà bá ń mu omi, tí ó sì ń tọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó lè jẹ́ àìsàn kíndìnrín tàbí àtọ̀gbẹ.

3. Irun: Ológbò tí ara rẹ̀ yá a máa lá irun rẹ̀. Bí irun bá rí wúruwùru tí ó sì dọ̀tí, nǹkan ń ṣe é.

4. Ojú, imú àti èrìgì: Ipin, ikun imú, tàbí awọ funfun tí ó bo ojú láti igun. Bí èrìgì tí ó máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bá funfun tàbí tí ó pọ́n bí àtalẹ̀ pupa, kí a má jáfara.

5. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru: Èébì ẹ̀ẹ̀kan nítorí irun tí ó gbé mì kì í ṣe ẹ̀rù. Èyí tí kò dáwọ́ dúró, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù ni.

6. Ìfarapamọ́: Ológbò tí ó máa ń pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, tí ó wá ń sá sí kọ̀rọ̀, kì í ṣe oorun ni ó ń sùn.

ÈYÍ TÍ KÒ GBỌ́DỌ̀ DI Ọ̀LA

Akọ tí ó ń rún ara tí ìtọ̀ kò jáde: ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, bí ó bá dí, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lè pa á. Ológbò tí ó ń mí pẹ̀lú ẹnu yíyà bí ajá, tàbí tí ó ń mí ju ìgbà 40 lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ó ń sùn. Èyí tí ọ̀kadà gbá. Èyí tí gìrì ń mú, tàbí tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn tí ó jẹ eku tí a fún ní májèlé. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

OHUN TÍ A KÒ GBỌ́DỌ̀ ṢE

Kí a má fún ológbò ní Panadol tàbí parasítámọ́ọ̀ kankan. Ara rẹ̀ kò lè fọ́ oògùn náà túútúú bí tiwa. Hóró kan ṣoṣo lè pa á. Kí a má fi ota-pia-pia pa eégbọn ara rẹ̀, nítorí yóò lá a mì. Kí a má da epo sí i lẹ́nu tipátipá bí àwa ti ṣe, nítorí ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Bí ológbò bá ṣàdédé di oníjà tí ó sì bu ènìyàn jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi. Bí àrùn náà bá ti fara hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ń yè é.

IBI TÍ A Ó GBÉ E LỌ

Dókítà ẹranko tí ń tọ́jú ewúrẹ́ àti adìyẹ wa lè yẹ ológbò wò. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ti ibí lọ, ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìlọrin wà. Ẹ gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ. Inú páálí tí a dá ihò sí ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ìgbà wo ni ó jẹun kẹ́yìn, ìgbà wo ni ó tọ̀ kẹ́yìn, kí ni ó bì.

Òbí kan lè sọ pé owó ìwòsàn ju owó ológbò lọ. Òótọ́ ni, ẹ̀sìn kò sì ni ẹnikẹ́ni lára ju agbára rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tètè béèrè, owó náà kì í pọ̀. Ẹni tí kò bá lè tọ́jú rẹ̀, kí ó fún ẹni tí ó lè ṣe é.

Èsì wa fún ọmọ náà nìyí: bẹ́ẹ̀ ni, a ó bi wá. Nígbà náà a kò mọ̀. Ní báyìí a ti mọ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Kí ni Abu Qatadah ṣe nígbà tí ológbò fẹ́ mu omi àlùwàlá rẹ̀?
2. Dárúkọ àmì mẹ́ta tí ń fi hàn pé ara ológbò kò yá.
3. Kí ló dé tí a kò fi gbọ́dọ̀ fún ológbò ní Panadol?

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe olùṣọ́ àmánà. Àmín.