Ẹ Jẹ́ Ká Máa Bèèrè Ẹran Inú Ọbẹ̀

Ní oṣù kìíní ọdún 2013, àjọ alábòójútó oúnjẹ ní Ireland kéde àyẹ̀wò bọ́gà 27 tí wọ́n ń tà bí ẹran màlúù: 10 ní àmì ẹran ẹṣin nínú, 23 ní ti ẹlẹ́dẹ̀. Bí ti inú páálí bá rí báyìí, ti inú ìkòkò búkà ńkọ́?

Súúratul Máídà, áyà 3, ka òkú ẹran àti ẹlẹ́dẹ̀ léèwọ̀. Áyà 5 yọ̀ǹda oúnjẹ àwọn tí a fún ní Tírà. Nítorí náà, a kò ní sá fún oúnjẹ aládùúgbò wa tí í ṣe Kìrìsìtẹ́nì. Ohùn pẹ̀lẹ́ la ó fi bèèrè irú ẹran tó jẹ́. Bí kò bá dá wa lójú, ká jẹ ẹja. Àwa tí a ń ta oúnjẹ náà, ká má purọ́ ẹran. Anabi wa kọ oníjìbìtì. Kí Ọlọ́hun fi halálì bọ́ wa, àmín.