Ìgbì, Ìṣàn Omi àti Iyanrìn Etíkun Èkó

Ẹ ka àyọkà yìí, kí ẹ sì dáhùn àwọn ìbéèrè tó tẹ̀ lé e.

Bí ẹ bá dúró sí etíkun ní Èkó, ìgbì ni ẹ óò kọ́kọ́ rí. Ohun tí ojú kì í tètè rí ni ìṣàn omi tí ìgbì náà ń dá sílẹ̀.

Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lórí agbami ló ń gbé ìgbì dìde. Bí ìgbì bá dé ibi tí omi kò ti jìn mọ́, eré rẹ̀ á dínkù, á ga sókè, á sì fọ́. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì ti ń wá sí Èkó, nítorí náà apá kan rẹ̀ máa ń kan ilẹ̀ kí apá kejì tó dé. Bí ó ṣe ń fọ́ báyìí, ó ń ti omi lọ sí ìlà-oòrùn. Ìgbì á ru iyanrìn sókè, ìṣàn omi á gbé e lọ. Iyanrìn mìíràn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ á sì rọ́pò èyí tó lọ.

Láàárín ọdún 1908 sí 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà kọ́ ògiri òkúta wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀sà, kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé láìfi ìdí gúnlẹ̀. Ọkọ̀ ń wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògiri dá iyanrìn dúró. Ní ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Ní ìlà-oòrùn, ní Bar Beach, ìṣàn omi ń kó iyanrìn lọ, kò sì sí èyí tó ń rọ́pò rẹ̀. Òkun wá ń jẹ ilẹ̀ Victoria Island. Léraléra ni ìjọba ń da iyanrìn síbẹ̀, léraléra ni òkun ń kó o lọ.

Lónìí, ògiri ńlá Eko Atlantic ló dúró níwájú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣàn omi kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àwọn ará Okun Alfa, ní ìlà-oòrùn, ti pàdánù ilé àti ilẹ̀ sínú òkun, wọ́n sì ń sọ pé ògiri náà wà lára ohun tó fà á. Ẹni tó bá fẹ́ dá iyanrìn dúró létí òkun, kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí iyanrìn náà ń lọ bá.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀
agbami: ojú òkun tó jìnnà sí ilẹ̀
ẹnu ọ̀sà: ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun
rọ́pò: gba ipò ohun tó ti lọ

Ìbéèrè
1. Kí ló ń ru iyanrìn sókè? Kí ló ń gbé e lọ?
2. Kí ló dé tí ilẹ̀ fi fẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, tó sì dínkù ní ìlà-oòrùn?
3. Ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún tó ń sọ ohun tí ìgbì tàbí ìṣàn omi ń ṣe.
4. “Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.” Báwo ni òwe yìí ṣe bá àyọkà yìí mu?