Nọ́ọ̀sì Ilé Ìwé ní New York

Ní nǹkan bí ọdún 1890, ọ̀pọ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìlú New York, ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ibi tó yẹ kí á fi ọmọ sí. Àwọn àtìpó láti Ítálì, Rọ́ṣíà àti ilẹ̀ mìíràn ti kún àdúgbò náà fọ́fọ́. Àwọn kíláàsì kan ṣókùnkùn débi pé wọ́n ń tan iná gáàsì lọ́sàn-án gangan, iná náà sì ń ba afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ ń mí jẹ́. Akọ̀ròyìn kan, Jacob Riis, kọ ohun tí ó rí níbẹ̀ jáde, kò sì jẹ́ kí àwọn aláṣẹ sinmi. Ní 1895, òfin dé pé wọn kò gbọdọ̀ kọ́ ilé ìwé tuntun ní ìlú náà láìní pápá ìṣeré. Charles Snyder, tí ó ń ya àwòrán ilé ìwé fún ìlú, wá ń kọ́ èyí tí fèrèsé rẹ̀ pọ̀, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí dáadáa.

Ilé nìkan kọ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ní 1894, nígbà tí àrùn ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní dìfitéríà ń jà ní Boston, wọ́n pín ìlú náà sí ọ̀nà 50, wọ́n fi dókítà kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó máa lọ sí àwọn ilé ìwé. New York tẹ̀ lé wọn ní 1897. Dókítà á kẹ̀yìn sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sójú ọmọ. Àwọn ọmọ á tò kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ìka fa ìpéǹpéjú wálẹ̀, wọ́n á la ẹnu, wọ́n á na ọwọ́. Iṣẹ́ náà jọ ti wolé-wolé tí àwọn àgbà wa mọ̀, àmọ́ ara ọmọ ni tiwọn. Ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ó ní iná orí, làpálàpá tàbí kúrúnà, ilé ni wọ́n ń dá a padà sí.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ní 1902, àyẹ̀wò náà le sí i, àwọn tí wọ́n lé sílé ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà nìkan lé ní 10,000. Ta ni yóò tọ́jú wọn? Ọ̀pọ̀ ìyá kò lè ka èdè tí ó wà nínú káàdì tí dókítà fún ọmọ. Bí ilé ìwé bá sì parí, ọmọ tí wọ́n lé á bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré ní òpópónà, á tún kó iná orí ràn wọ́n.

Lillian Wald, nọ́ọ̀sì tí ó ń gbé láàárín àwọn tálákà àdúgbò náà láti 1893, rí ọmọkùnrin ọmọ ọdún 12 kan tí kò kàwé rí. Egbò wà lórí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ó bá ti dé ilé ìwé ni olùkọ́ ń ní kí ó máa lọ sílé. Wald fi ìpara tọ́jú rẹ̀, ó jinná, ó wọ ilé ìwé. Ó dùn mí púpọ̀ pé egbò tí ìpara lè wò ni ó gba gbogbo ọdún wọ̀nyẹn lọ́wọ́ ọmọ náà.

Wald lọ bá àwọn aláṣẹ, ó ní òun á yá wọn ní nọ́ọ̀sì kan fún oṣù kan. Ní ọjọ́ kìíní Ọ̀kítóbà 1902, Lina Rogers bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwé mẹ́rin tí ọmọ inú wọn tó 10,000. Ó ń fọ ojú, ó ń di egbò, ó ń dá ọmọ padà sí kíláàsì. Lẹ́yìn náà, á gun àtẹ̀gùn ilé lọ bá àwọn ìyá, á sì ṣe ìtọ́jú náà lójú wọn kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n ṣe. Fún iná orí, wọ́n ń po kẹrosíìnì mọ́ òróró, wọ́n á fi ra orí, wọ́n á wá fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán èyí wò lónìí o: kẹrosíìnì léwu, oògùn tó sàn jù ú lọ sì wà.)

Nígbà tí àwọn aláṣẹ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n gba nọ́ọ̀sì sí i, wọ́n sì ń fi owó ìlú san owó oṣù wọn. Ní Sẹ̀tẹ́ńbà 1903, àwọn tí wọ́n lé sílé ti dín sí bíi 1,100. Dókítà ṣì ń yẹ àwọn ọmọ wò, iná orí kò sì tíì tán ní àdúgbò náà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó ní in ti lè jókòó sí kíláàsì nígbà tí wọ́n ń tọ́jú wọn.