Oògùn Tí Ń Dín Ọ̀rá Kù àti Oje Táyírọ́ọ̀dì

Ara ènìyàn dà bí àrò tí a gbé ìkòkò kà. Oúnjẹ tí a jẹ àti ọ̀rá tí ó wà lára ni igi ìdáná rẹ̀. Agbára tí a fi ń ṣiṣẹ́, tí a sì fi ń mí, ni ohun tí ó ń sè nínú ìkòkò. Ẹni tí ń koná mọ́ àrò yìí ni kókó kékeré kan níwájú ọrùn, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní táyírọ́ọ̀dì. Òun ni ó máa ń wú nígbà tí gègè bá yọ sí ènìyàn lọ́rùn. Ó ń sun oje kan sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí a ń pè ní táyírọ́síìnì. Bí oje náà bá kéré jù, òtútù a máa mú ènìyàn, ara rẹ̀ a sì wúwo. Bí ó bá pọ̀ jù, àyà a máa lù kìkì, ọwọ́ a máa gbọ̀n, ènìyàn a sì rù.

Nítorí èyí, àwọn kan rò pé oògùn tí ó bá ń yára dín ọ̀rá kù ní láti máa mú oje yìí pọ̀ sí i. Oògùn tí a ń pè ní DNP fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìtàn DNP

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, láti 1914 dé 1918, wọ́n ń lo DNP nínú ohun ìjà abúgbàù ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fọwọ́ kàn án bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Òógùn bò wọ́n, ara wọn gbóná, àwọn mìíràn sì kú. Ní 1933, Maurice Tainter àti Windsor Cutting ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà kéde pé ó lè dín sísanra kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà á láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Kò pẹ́ tí nǹkan funfun fi bo ẹyinjú àwọn kan, tí wọn kò ríran mọ́. Àwọn mìíràn sì kú. Ní 1938, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ó léwu jù fún ènìyàn láti lò.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́

DNP kò ran ẹni tí ń koná lọ́wọ́. Ṣe ni ó ń yẹ ìkòkò kúrò lórí àrò. Igi ń jó, ooru ń jáde, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò jinná. Ara a tún máa fi igi kún igi, ọ̀rá a sì máa tán. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ láìsí ọwọ́ táyírọ́ọ̀dì níbẹ̀.

Àyẹ̀wò fi hàn pé ìwọ̀n táyírọ́síìnì inú ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀. Oje náà kì í dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn èròjà kan ni ó ń gbé e, bí ọkọ̀ ti ń gbé èrò. DNP a máa gba ìjókòó rẹ̀, oje a sì yára kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Ewu tí ó wà níbẹ̀

Ẹni tí ó bá rí i pé oje náà ti dín kù lè rò pé kí òun gbé oògùn táyírọ́ọ̀dì mì láti dí àlàfo náà. Àṣìṣe ńlá ni. Ara tí ń jó tẹ́lẹ̀ ni ó tún ń da epo sí, ọkàn ni yóò sì ru ẹrù méjèèjì.

DNP kò ní ẹ̀rọ̀. Ìwọ̀n tí ń dín ọ̀rá kù kò jìnnà sí èyí tí ń pa ènìyàn. Oògùn ibà kò lè mú ooru rẹ̀ rọlẹ̀, ikú sì lè dé láàárín wákàtí díẹ̀. Síbẹ̀, àwọn oníjìbìtì ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kẹwàá 1 ọdún 2023, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kà á mọ́ májèlé tí ará ìlú kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé e mì, kí a sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí a sì sọ orúkọ oògùn náà fún dókítà. Ẹni tí ó bá fẹ́ dín sísanra kù, kí ó kọ́kọ́ lọ fi ara rẹ̀ han dókítà, kí ó ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀, kí ó sì máa rìn dáadáa. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni iṣẹ́ táyírọ́ọ̀dì nínú ara?
2. Èéṣe tí táyírọ́síìnì fi ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó lo DNP?
3. Ewu wo ni ó wà nínú lílo oògùn táyírọ́ọ̀dì pẹ̀lú rẹ̀?