ÌṢÁWÙRÚ ÀJÈJÌ: OJÚṢE WA SÍ OMI TÍ A JỌ Ń LÒ

Igi gańgan-ràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì ní ilẹ̀ òkèèrè jẹ́ àríkọ́gbọ́n fún ọmọ Nàìjíríà.

Ìtàn rẹ̀

Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìṣáwùrú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pomacea canaliculata ti ṣẹ̀ wá. Ní nǹkan bí ọdún 1980, àwọn oníṣòwò kó o lọ sí Táíwàn láti máa sìn ín fún jíjẹ. Adùn rẹ̀ kò tẹ́ ará ọjà lọ́rùn. Nígbà tí ọjà kò tà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń sìn ín dà á sínú odò. Kò pẹ́ tí ó fi wọ oko ìrẹsì. Ó dé Jàpáànì àti Filipínì pẹ̀lú. Ní ọdún 2020, a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ti wọ oko ìrẹsì Mwea ní Kẹ́ńyà, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín.

Ìṣe rẹ̀

Ìrẹsì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ni ó ń jẹ. Ẹyin rẹ̀ aláwọ̀ píǹkì, tí ó lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú ìdì kan, ni ó ń yé sára koríko lókè omi. Bí omi bá gbẹ, yóò ri ara rẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ títí òjò yóò fi dé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìṣáwùrú ni ọ̀tá. Odò wa ní tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹyin píǹkì yìí ni àmì tí ó yẹ kí a máa wò.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀

Omi kò mọ ààlà. Ohun tí ẹnì kan dà sí odò lẹ́yìnkùlé rẹ̀, aládùúgbò tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò ni yóò fi oko rẹ̀ san án. Nítorí náà, ọmọ ìlú rere:

1. kì í kó ẹ̀dá abẹ̀mí tàbí irúgbìn wọ̀lú láìjẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń ṣọ́ ẹnubodè yẹ̀ ẹ́ wò;
2. kì í da ẹ̀dá inú omi tí ó sìn tí ó sú u sínú odò;
3. a máa fọ ẹrẹ̀ kúrò lára katakata àti irinṣẹ́ kí ó tó gbé wọn lọ sí oko mìíràn;
4. a máa tètè fi ohun àjèjì tí ó bá rí tó òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn létí, kò sì ní da oògùn olóró sí omi tí àwọn ènìyàn ń mu.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

Ta ni ó jẹ èrè ìṣáwùrú yìí? Ta ni ó ru ẹrù rẹ̀? Kí ni àdúgbò yín ń dà sí odò lónìí?