Oògùn tí Owó Kọ: Ẹ Ṣọ́ra

Bí dókítà bá ń kọ oògùn fún ọ, má rò pé ìwọ àti òun nìkan lẹ wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1990 sí 2000, àwọn dókítà kan gbowó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ oògùn Parke-Davis kí ẹni tó ń polówó oògùn lè jókòó tì wọ́n bí wọ́n ṣe ń yẹ aláìsàn wò, kó sì máa gbà wọ́n nímọ̀ràn. Aláìsàn ń ka ohun tó ń ṣe é lára, ọlọ́jà ń gbọ́.

Neurontin ni oògùn náà. Lóṣù December 1993, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi kún oògùn mìíràn fún àwọn tó ní wárápá. Òfin ibẹ̀ gbà kí dókítà lo òye rẹ̀, kó kọ oògùn fún àìsàn tí ìjọba kò fọwọ́ sí. Ohun tí òfin kọ̀ ni kí ilé-iṣẹ́ máa polówó rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ iye àwọn tó ní wárápá kò tó ọjà tí Parke-Davis ń wá. Ni wọ́n bá ń polówó rẹ̀ fún túúlu, fún oríṣiríṣi ìrora, àti fún àìsàn ọpọlọ tó máa ń mú inú ènìyàn dùn kọjá ààlà, tí yóò tún mú un rẹ̀wẹ̀sì. Ìwádìí sì ti fi hàn pé hóró òfìfo, tí kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀, ṣiṣẹ́ tó Neurontin fún àìsàn ọpọlọ yẹn. Wọn ò dẹ́kun ìpolówó.

Wọ́n kó àwọn dókítà lọ sí Hawaii, wọ́n kó wọn lọ wo ìdíje Òlíńpíìkì ní Atlanta lọ́dún 1996, wọ́n ní àpérò ni. Wọ́n fi ènìyàn tiwọn sáàárín àwùjọ kó lè béèrè ìbéèrè tí wọ́n ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ta ló wá tú àṣírí náà? Kì í ṣe àwọn alábòójútó ìjọba. David Franklin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó gbaṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dún 1996, ló rí i pé ọjà títà ni wọ́n fẹ́ fi ìmọ̀ òun ṣe. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tó fi kúrò, ó sì pẹjọ́ ní Boston lọ́dún yẹn kan náà. Ọdún 2004 ni ẹjọ́ tó parí. Ilé-iṣẹ́ náà gbà pé òun jẹ̀bi, ó san 430 mílíọ̀nù dọ́là. Lọ́dún 2003 nìkan, Neurontin ti pa nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.7 dọ́là wọlé. Ṣé ìyà nìyẹn, àbí owó ìsọ̀?

Pfizer, ilé-iṣẹ́ oògùn mìíràn, ló ti ra ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún 2000. Àárín ìgbà tí wọ́n ń yanjú ẹjọ́ Neurontin ni wọ́n tún ń ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú Bextra, oògùn ìrora oríkèéríkèé ara. Ìjọba kọ̀ kí wọ́n tà á fún ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nítorí ewu tó wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́jà wọn tà á bẹ́ẹ̀ náà. Bextra kúrò lórí àtẹ lọ́dún 2005, Pfizer sì san bílíọ̀nù 2.3 dọ́là lọ́dún 2009 lórí òun àti àwọn oògùn mìíràn. Òṣìṣẹ́ inú ilé ló tún tú ìyẹn náà: John Kopchinski, tí wọ́n ti lé kúrò níṣẹ́ lọ́dún 2003.

Ibi tí ewu náà wà gan-an nìyí. Ní Nàìjíríà, NAFDAC, àjọ tó ń ṣàbójútó oògùn, lè gbé oògùn lọ sí yàrá àyẹ̀wò kó mọ̀ bóyá ayédèrú ni. Kò sí yàrá àyẹ̀wò tó lè gbọ́ ohun tí ọlọ́jà sọ fún dókítà nídìí oúnjẹ alẹ́. Neurontin kì í ṣe ayédèrú. Irọ́ tí wọ́n fi tà á ló burú. Ẹni tó wà nítòsí ló lè gbọ́ irọ́ náà, òun gan-an sì làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń pè ní ọ̀dàlẹ̀.

Ẹ̀yin aṣòfin wa, ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní December 2016 fún àwọn tó bá tú àṣírí, owó ìjọba ló dá lé. Ẹni tó rí irọ́ nínú ìpolówó oògùn kò rí ibi sá sí nínú rẹ̀. Ẹ ṣòfin tí yóò dáàbò bò ó.

Ìwọ aláìsàn, béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ pé: àìsàn wo ni wọ́n fọwọ́ sí oògùn yìí fún? Bó bá bínú, wá dókítà mìíràn. Ṣùgbọ́n má dá oògùn dúró fúnra rẹ; gìrì lè mú ẹni tó bá dá oògùn wárápá dúró lójijì.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ oògùn ní Amẹ́ríkà, òfin tí Franklin lò láti fi pẹjọ́ ti wà láti ọdún 1863, ó sì wà fún ẹ̀yin náà. Bí ẹ bá rí irú nǹkan yìí, ẹ má kọ́kọ́ gbé e lọ sínú ìwé ìròyìn, nítorí abẹ́ èdìdì ni ilé-ẹjọ́ máa ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì lọ bá lọ́yà tó mọ òfin náà kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.