Báwo Ni Wọ́n Ṣe Mọ Ohun Tó Wà Lókè Òṣùpá Io?

 

Ọ̀dọ́ kan bi mí ní Èjìgbò lẹ́yìn ìrun Àsárì pé: "Àáfà, ẹni tí kò dé òṣùpá Júpítà rí, báwo ló ṣe mọ ohun tó wà lókè rẹ̀? Ṣé kì í ṣe àròsọ?" Ìbéèrè gidi ni, nítorí Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ gba ohun tí kò ní ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Abidjan, ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé rédíò elédè Faransé tí ẹ kò rí gbọ́ lọ́sàn-án lè wọlé ketekete lóru. Kì í ṣe iṣẹ́ àlùjọ̀nnú o! Oòrùn ló ń já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún, láti bíi kìlómítà 60 lọ sókè. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ionosphere. Lọ́sàn-án, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń gbé ìgbì rédíò mì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, apá yẹn á pòórá, ìgbì á dé apá òkè, á sì ta padà sílẹ̀ níbi tó jìnnà. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n wọ̀n ọ́n ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn: wọ́n ta ìgbì sókè, wọ́n sì ka àkókò tó fi padà.

Ti Io wá ńkọ́? Ní December 1973, ọkọ̀ ojú-sánmà Pioneer 10, tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, gba ẹ̀yìn Io kọjá. Ìgbì rédíò tó ń rán bọ̀ wá sáyé la ìpele tó yí òṣùpá náà ká kọjá, ó sì yí padà díẹ̀. Ìyípadà kékeré yẹn ni wọ́n wọ̀n. Ìṣirò fi hàn pé, níhà tí oòrùn ń ràn sí, nǹkan bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 60,000 ló wà nínú àyè tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Níhà òkùnkùn, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Ibo ni afẹ́fẹ́ yẹn ti wá? Voyager 1 ló tú àṣírí rẹ̀ ní 1979: òkè ayọnáyèéfín wà ní Io, ó ń tú gáàsì imí-ọjọ́ jáde. Àwọn onímọ̀ wá ṣe ìṣirò: báyìí ni gáàsì ṣe pọ̀, báyìí ni oòrùn ṣe ń ràn, báyìí ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń padà sílé. Bí iye tí wọ́n rí kò bá bá èyí tí ọkọ̀ wọ̀n mu, ìṣirò ni wọ́n á tún ṣe, wọn kì í fọwọ́ kan òǹkà ọkọ̀. Oòrùn nìkan kò sì tó. Àwọn èérún tí agbára òòfà Júpítà ń gbá kiri tún ń lu gáàsì náà. Ní December 1995, Galileo kọjá ní bíi 900 kìlómítà sí Io, ẹ̀rọ ara rẹ̀ ló sì wọ̀n ibẹ̀ ní tààrà. Ohun tó bá pọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ, wọ́n sì tún ìṣirò bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbé rédíò yín jáde lónìí. Ẹ yí i lẹ́yìn Àsárì, ẹ kọ orúkọ àwọn ibùdó tí ẹ gbọ́ sílẹ̀. Ẹ tún yí i lẹ́yìn Ìṣáì, kí ẹ fi ìwé méjèèjì wéra.